Ọkùnrin Tó Ń Dá Orin, Tó Tún Ń Gbè É

Ọkùnrin kan wà ní abúlé kan létí odò, ohùn rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyàwó ilé fi sọ ọ́ ní Olóhùn-iyọ̀. Ìyàwó kì í la orúkọ mọ́ ọmọ ọkọ rẹ̀ lórí. Àdàpè ló ń fún un, àdàpè tó bá sì bá ènìyàn mu, gbogbo ìlú ní í bá wọn pè é. Bí ọkùnrin yìí bá kọrin níbi ìsọmọlórúkọ, ẹni tó ń rokà lọ́wọ́ á gbàgbé omorogùn sínú ìkòkò. Òun náà mọ̀ pé ohùn òun dára. Kò bò ó mọ́lẹ̀, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún òun.

Ilé àwọn ará abúlé náà wà ní apá kan odò, oko wọn wà ní apá kejì. Omi ti gbé afárá àtijọ́ lọ, ńṣe ni wọ́n ń fẹsẹ̀ la odò kọjá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò le. Bí òjò bá dé, odò náà kì í mojú ẹnikẹ́ni. Ní ìparí òjò ọdún tó ṣáájú, ó gbé ìyàwó Olóhùn-iyọ̀ fúnra rẹ̀, tòun ti agbọ̀n gbágùúdá tó rù, ó sì gbé e jìnnà kí obìnrin náà tó rí ẹ̀ka igi kan dì mú. Ó yè é. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni kì í ti í sọ̀rọ̀ mọ́ bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ odò. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń dun ọkọ rẹ̀ ju ẹkún lọ.

Ìjọba ti ṣèlérí afárá, ṣùgbọ́n ìlérí kì í gbé ẹrù kọjá odò. Nígbà tí àwọn àgbà pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, Olóhùn-iyọ̀ dìde. Ó ní igi apá ńlá kan wà nínú igbó lókè, pé bí wọ́n bá fi òun ṣe olórí iṣẹ́, igi náà yóò ti dùbúlẹ̀ lórí odò kí òjò ńlá àkọ́kọ́ tó rọ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní fẹsẹ̀ la omi yẹn mọ́. Ó ń wo ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Àwọn àgbà wo ara wọn, wọ́n ní ẹni tó bá lè mú kí ènìyàn jó lè mú kí ènìyàn ṣiṣẹ́. Wọ́n gbà fún un.

Wọ́n gé igi náà lulẹ̀. Wọ́n bó èèpo ara rẹ̀, wọ́n fi okùn dì í lórí, wọ́n tẹ́ àwọn igi róbótó-róbótó sábẹ́ rẹ̀ kó lè máa yí lọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, tọkùnrin tobìnrin ló jáde. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀ nínú ìtàn àwọn tó jókòó sílé.

Olóhùn-iyọ̀ kò di okùn mú. Orí igi náà ló gùn, kí gbogbo ènìyàn lè máa rí i, kí wọ́n sì lè máa gbọ́ ọ.

Obìnrin àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìdòfin, nítorí àdúgbò Ìdòfin ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn ìyàwó ilé. Ìgbà tí Olóhùn-iyọ̀ ń rákò ló ti bá a nílé, títí di ọjọ́ náà, “ọkọ mi” ló ń pè é. Ó gbé omi mímu wá fún àwọn òṣìṣẹ́. Ó gbé ojú sókè wò ó.

“Ọkọ mi,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ṣé ara ẹrù lẹ wà ni, àbí ara àwọn tó ń fà á?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Kò sọ̀ kalẹ̀.

Ó ti ṣẹ̀dá orin kan fún iṣẹ́ náà, orin tó dáa ni. Òun yóò dá a pé, “Ta ló ní a ò lè ṣe é?” Àwọn ènìyàn yóò sì gbè é pé, “A ó ṣe é.” Bó ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n orin náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Kí àwọn ènìyàn tó la ẹnu, òun fúnra rẹ̀ ti gbè é. Ó dá a, ó tún gbè é, ó tún fi ọ̀nà mìíràn gbè é, ó yí ohùn sókè, ó rọ̀ ọ́ wálẹ̀. Àwọn tó di okùn mú ń gbọ́, wọ́n ń mi orí, ọwọ́ wọn sì ń dẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ti iwájú fà nígbà tí àwọn ti ẹ̀yìn ń mí. Nígbà tí àwọn ti ẹ̀yìn fà, àwọn ti iwájú ti dẹwọ́. Igi náà ń lọ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ láàárín igbó, lójoojúmọ́, títí igi náà fi dé ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, kó tó kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sódò. Níbẹ̀ ló jókòó sí. Wọ́n fà á, kò dáhùn. Olóhùn-iyọ̀ gbé ohùn sókè sí i. Kò dáhùn.

“Ẹ̀yin ènìyàn yìí,” ó ní, “ṣé ẹ ò jẹun wá láti ilé ni?”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà níbi okùn, káfíńtà ni, òun ni yóò fi àáké tẹ́ ẹ̀yìn igi náà pẹrẹsẹ bó bá dé orí odò. Òun ló dá a lóhùn.

“A jẹun. Orin tìrẹ la tún wá jẹ lé e, a sì ti yó. Oorun ló kù.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ní ọjọ́ kejì, àwọn tó jáde kò pọ̀ tó ti àtẹ̀yìnwá. Ẹnìkan ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹnìkan ní àlejò wọlé tọ òun. Ojú ọ̀run sì ti ń yí padà. Ìkùukùu ń kó jọ lápá ìlà oòrùn, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ láti orí odò.

Olóhùn-iyọ̀ rí i pé òjò ń bọ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin tó di okùn mú. Obìnrin náà kò wò ó. Ọ̀nà odò ló kọjú sí, ẹnu rẹ̀ sì ti dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́. Ọkùnrin náà ronú pé, bí òun bá kọrin tó, igi yìí yóò lọ. Pé ohun tó ń dá igi dúró ni pé òun kò tíì kọrin tó. Ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí igi náà, ó la ẹnu, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ kọ ọ́.

Ohùn rẹ̀ há.

Ó tún la ẹnu. Afẹ́fẹ́ ló jáde. Ó di ọ̀fun rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ tọ́ ọ sọ́nà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Àwọn ènìyàn ń wò ó. Kò sí ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn gan-an sì burú jù fún un. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí igi náà. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní kí wọ́n máa lọ sílé, ó di ọ̀la. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé kò sí ọ̀la fún iṣẹ́ náà. Bí òjò bá bá igi yẹn nínú ilẹ̀ rírẹlẹ̀ yẹn, ẹrẹ̀ yóò gbé e mì, ó sì di ọdún tó ń bọ̀. Odò yóò kún, wọn yóò tún fẹsẹ̀ là á.

Àwọn kan ti ń jẹ́ kí okùn bọ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí Ìyá Ìdòfin dìde níbi tó jókòó sí.

“Ẹ dúró ná,” ó ní. “Ta ló bá ìyá ìyàwó sọ̀rọ̀ nínú yín?”

Káfíńtà ní, “Ìyàwó wo, Ìyá?”

“Èyí tí ẹ fi okùn dì lórí yìí. Ẹ wọ ilé onílé, ẹ gbé ọmọ. Ẹ ò kí ìyá, ẹ ò kí bàbá, ẹ ò jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sunkún ìyàwó kó tó kúrò nílé. Ẹ wá ń yà á lẹ́nu pé kò bá yín lọ. Èwo nínú àwọn ọmọ tiyín ló máa bá irú àna bẹ́ẹ̀ lọ?”

“Ìyá, a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án,” ni káfíńtà wí.

“Ta ló ń pàlọ́ fún ọ? Ìyàwó ni mò ń sìn. Lọ dúró nídìí okùn rẹ.”

Ó lọ gbé ọwọ́ lé igi náà lára, ó ń fi ọwọ́ pa á bí ènìyàn ṣe ń pa ẹ̀yìn ọmọ tó ń sunkún. Ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí igbó bí nìyí. Ó ní àwọn ẹyẹ ló ń dirun fún un láti kékeré, pé ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí oòrùn kan ẹsẹ̀ rẹ̀ rí. Ó ní odò ló wá tọrọ rẹ̀. Odò sì rèé, oníjàgídíjàgan ni, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, nítorí kò níyàwó nílé.

“Ìdí nìyẹn,” ó ní, “tó fi jẹ́ pé bí ìyàwó oníyàwó bá ti ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbọ̀n gbágùúdá, á dì mọ́ ọn.”

Ojú àwọn ènìyàn yí sí ẹnìkan ṣoṣo, nítorí wọ́n mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìyàwó Olóhùn-iyọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ọkọ rẹ̀ rò pé ẹkún ni. Nígbà tí ọwọ́ kúrò lẹ́nu, ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi tẹ̀ bà, gbogbo wọn sì bá a rín in, àwọn tó ti ń lọ sílé padà wá wo ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

“Ó dáa,” ni Ìyá Ìdòfin wí. “Ẹ jẹ́ ká sin ọmọ lọ sílé ọkọ. Ègbè yín ni ‘Rọra máa bọ̀.’ Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi. Ẹ̀yin lẹ máa wí i.”

Ohùn ìyá àgbà yìí kò dùn. Ó ń gbọ̀n, ó sì ń já lágbedeméjì. Ó kọ ọ́ pé, “Ìyàwó, gbéra ńlẹ̀ o, ilé ọkọ ti ń retí rẹ.” Lẹ́yìn náà ó pa ẹnu dé.

Gbogbo ènìyàn ní, “Rọra máa bọ̀.”

Olóhùn-iyọ̀ ti lọ di okùn mú lẹ́yìn gbogbo wọn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, okùn náà kò tíì kan ọwọ́ rẹ̀. Kò lè dá orin. Ègbè ni ohùn tó há lè gbè, òun náà kò ju kíkùn lọ. Nígbà tí Ìyá Ìdòfin ń dá a, ó rí i pé gbogbo àyà tó wà níwájú òun ń gba afẹ́fẹ́ sínú. Nígbà tí wọ́n dé orí “bọ̀”, gbogbo ẹ̀yìn tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, okùn náà sì le gan-an lọ́wọ́ rẹ̀ bí ohun alààyè. Igi náà mì.

Wọ́n tún un ṣe. Ọkùnrin náà wá mọ ohun tí kò mọ̀ nígbà tó wà lókè. Nígbà tí wọ́n ń dá orin kọ́ ni igi ń lọ. Nígbà tí wọ́n bá ń gbè é ni. Ẹni tó ń dá orin ń fún àwọn ènìyàn láyè láti mí. Ẹnu àwọn tó ń gbè é ni agbára wà. Àyè yẹn gan-an lòun ti ń fi ohùn dídùn dí láti ọjọ́ yìí wá. Òun ti gba èémí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn òun, òun sì ń bi wọ́n bóyá wọn kò jẹun.

Igi náà jáde nínú ilẹ̀ rírẹlẹ̀. Kò tíì dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí Ìyá Ìdòfin fi dákẹ́.

“Ọ̀fun mi ti gbẹ,” ó ní. “Ọmọ yìí kì í sì í ṣe tèmi nìkan. Ta ló tún ní ọ̀rọ̀ ìyànjú láti bá a sọ?”

Káfíńtà ló kọ́kọ́ gbà á. Ó kọ ọ́ pé, “Ìyàwó, má bẹ̀rù àáké mi o, irun orí rẹ ni mo fẹ́ gẹ̀.” Wọ́n ní, “Rọra máa bọ̀.” Opó kan wà láàárín wọn tí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní ohun tí àwọn yòókù bá wí náà lòun wí. Òun náà gbà á. Ó kọ nípa ìyàwó tó dé ilé ọkọ tí kò bá ẹnìkan tí yóò fi ibi tí wọ́n ń gbé iyọ̀ sí hàn án, orin náà sì dùn wọ àwọn obìnrin lára débi pé wọ́n fa okùn bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó Olóhùn-iyọ̀ gbé ojú sókè. Odò ti wà níwájú wọn báyìí, gbogbo wọn ló ń rí i.

“Ìyàwó,” ó kọ ọ́, “bó o bá dé’lé, bá mi kìlọ̀ f’ọ́kọ rẹ o.”

Ìgbà yẹn ni ègbè dún jù. Igi náà bọ́ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò sì dúró mọ́ títí ó fi dé bèbè.

Àwọn kan mú okùn la omi kọjá, wọ́n sì fà á dábùú odò. Wọ́n ń fi òkúta tì í nídìí ní apá kejì odò lọ́wọ́ nígbà tí òjò náà bẹ̀rẹ̀.

Ó rọ̀ mọ́jú. Ní òwúrọ̀, odò ti kún, ó pọ́n, ó ń ru, igi apá náà sì dùbúlẹ̀ lókè rẹ̀ láìmira. Ìyàwó Olóhùn-iyọ̀ ló kọ́kọ́ gorí rẹ̀. Ó ń bá obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ bó ṣe ń kọjá lọ.

Ọkọ rẹ̀ kò bá wọn lọ sóko lọ́jọ́ náà. Ó ń lọ láti ilé dé ilé láti sọ pé ẹ ṣé àná. Tó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, ojú agbo ni ì bá dúró sí, ì bá fi ohùn dídùn dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ṣùgbọ́n ohùn kò sí. Àfi kó wọlé, kó dọ̀bálẹ̀ tàbí kó lóṣòó, kí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sì tẹ etí sílẹ̀ kó tó gbọ́. Níbi tí ènìyàn bá ti tẹ etí sílẹ̀ báyẹn, ó máa ń sọ̀rọ̀ padà. Ó gbọ́ nípa ẹ̀yìn tó ń dun ẹnìkan lóòótọ́. Ó gbọ́ pé àlejò tó wọlé tọ ẹnìkan, àìsàn ló gbé e wá. Nígbà tó dé ilé opó náà, ó sọ fún un ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé òun kò mọ̀ pé ó lè kọrin bẹ́ẹ̀.

“Orin yẹn ti wà nínú mi tipẹ́,” ni obìnrin náà wí. “Àyè ni kò sí.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ọkùnrin náà gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ jáde nílé rẹ̀, kò sì mọ ibi tó máa gbé e sí.

Ìyá Ìdòfin ló kẹ́yìn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún un. Ó gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, ọ̀fun rẹ̀ ń ha.

“Ẹ dìde, ọkọ mi,” ni ìyá náà wí. “Bí ẹ bá máa dúpẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀fun yín tó há. Òun ló bá wa bẹ̀ yín.”

Olóhùn-iyọ̀ rẹ́rìn-ín láìsí ìró, ó sì tún dọ̀bálẹ̀. Ohùn rẹ̀ padà bọ̀ sípò nígbà tó yá. Ó ṣì ń dá orin, ó sì dùn bó ṣe ń dùn tẹ́lẹ̀. Àwọn tó gbọ́ ọ ṣáájú àti lẹ́yìn ìgbà náà ní ohun kan ṣoṣo ló yàtọ̀: ó ń dákẹ́ nígbà tó yẹ.

Ìwọ ọmọ wa, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí ẹbí, ìwọ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún wa ní ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìdílé ló rí irú rẹ̀. Ìtàn tí o sọ fún wa nípàdé, nípa bí ilé bàbá wa yóò ti rí bí a bá tún òrùlé rẹ̀ ṣe, dùn débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ rí páànù tuntun lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n o béèrè pé ta ló ní àbá, àbúrò bàbá rẹ obìnrin sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún gèlè rẹ̀ ṣe láti sọ̀rọ̀ nígbà tí o dáhùn fúnra rẹ. A pàtẹ́wọ́ fún ọ. A lọ sílé. Òrùlé ṣì ń jò.

Àwọn baba ńlá wa kò ṣàdédé fi orúkọ kan náà pe ẹni tó ń gbe orin àti ẹni tó ń dúró tini. Elégbè ni méjèèjì. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí wọ́n gbe orin òun, kó má ṣe béèrè ẹni tí yóò gbè é lọ́jọ́ ìṣòro. Bákan náà ló rí pẹ̀lú ìyàwó rẹ nínú ilé, bákan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ò ń pàlọ́ fún, àti àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, láti ilé dé ilé, kí o sì dúró gbọ́ ohun tí wọ́n máa fi dá ọ lóhùn.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, nígbà tí o bá ti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹbí, pa ẹnu dé. Bí ìdákẹ́jẹ́ náà bá gùn, jẹ́ kó gùn. Ẹnìkan ń mí sínú, ó fẹ́ fà ni.